Mọ́tò Tuntun fún Bàbá ní Ìsánlú: Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Lọ

Ìdílé tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń gbé ní Ìsánlú, nílẹ̀ Yàgbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Bàbá jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ń tà á fún àwọn oníṣòwò tó ń wá láti Lọ́kọ́jà. Ọmọ wọn obìnrin wà ní Kánádà, ọkùnrin wà ní Àbújá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àwọn ọmọ méjèèjì pinnu pé kí Bàbá tó pé àádọ́rin ọdún, àwọn á ra mọ́tò tuntun fún òun àti Ìyá. Wọ́n pè mí sí i torí pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Kàbà ni mo jókòó sí, mo máa ń bá èèyàn wá ọkọ̀, mo sì máa ń bá wọn ṣe ìwé rẹ̀. Wọ́n ti ní kí n kọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ wọn.

Kí n tètè sọ èyí: ohun tí mo ń rí lórí tòkunbọ̀ ju èyí tí mo ń rí lórí tíà-rọ́bà lọ. Ilé ìtajà ọkọ̀ tuntun kì í fún alágbàtà ní nǹkan gidi. Ọmọ Kánádà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dá owó iṣẹ́ mi lé kí n tó bẹ̀rẹ̀. Iye kan ni, yálà tuntun la rà tàbí àlòkù.

Bàbá ti ra tíà-rọ́bà rí. Ọdún 1981 ni, nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀kún, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá Kogi, ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 1991. Olùkọ́ ọ̀dọ́ ni nígbà yẹn. Ó yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, ó sì lọ gbé Peugeot 504 ní Ìlọrin. Kàdúná ni wọ́n ti to ọkọ̀ náà. Wọ́n ti ń to Peugeot níbẹ̀ láti 1975, ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá ní Èkó. Àwọn tó ṣáájú Bàbá lẹ́nu iṣẹ́ ti fi owó Udoji, ẹ̀kúnwó tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́, ra tiwọn. Ó ní láyé ìgbà yẹn, bí tíṣà bá lọ ra àlòkù, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa bi í bóyá nǹkan ń ṣe é ni. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun bọ́ lọ́wọ́ tíṣà pátápátá. Gbogbo ọkọ̀ tí Bàbá ní lẹ́yìn 504 yẹn, tòkunbọ̀ ni. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ni Camry tí à ń pè ní Big Daddy, ti ọdún 2004. Jíà rẹ̀ ti ń yọ̀. Ẹ ó tẹ iná, ẹ́ńjìnnì á pariwo, ọkọ̀ á dúró bíi pé kì í ṣe òun lẹ ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọkùnrin yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ gbọ́: baba òun gun ọkọ̀ tuntun nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí ló dé tí yóò fi máa fi àlòkù ẹlòmíràn darúgbó?

Ó ti rí ọkọ̀ kan ní Àbújá. SUV kékeré láti Ṣáínà, ẹ́ńjìnnì lítà kan àbọ̀ tó ní tọ́bò, gíláàsì gbàràmù lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, òrùlé tó ń ṣí, wáráńtì ọdún márùn-ún. Iye rẹ̀ jẹ́ ₦32 mílíọ̀nù. N kò ní dárúkọ ilé ìtajà náà, n kò sì ní dárúkọ irú ọkọ̀ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú tẹ́ńbẹ́lú ọkọ̀ Ṣáínà o. Ẹni tó bá wọ Àbújá tàbí Èkó lónìí á rí Changan, GAC, Chery, Geely àti Jetour lójú títì. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé takisí LagRide jáde ní 2022, GAC ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Owó ló fa gbogbo ẹ̀. Lọ́dún 2013, ìjọba àpapọ̀ ṣe ètò kan láti mú kí wọ́n máa to ọkọ̀ nílé: wọ́n gbé owó aṣọ́bodè ọkọ̀ tuntun sí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì tún fi ìdá 35 mìíràn lé e. Wọ́n ti dín in kù lẹ́yìn náà. Ní 2022, wọ́n sọ owó aṣọ́bodè di ìdá 20, àfikún orí rẹ̀ sì di ìdá 20 fún tuntun, ìdá 15 fún àlòkù. Àmọ́ kí ìrọ̀rùn yẹn tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rajà, ìjọba tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 ti kọjá ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń ra Toyota tuntun tẹ́lẹ̀ sún sídìí ti Ṣáínà. Ẹni tó lè ra ti Ṣáínà sún sídìí tòkunbọ̀. Oní-tòkunbọ̀ ń tún èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo owó náà dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣe é tìjà-tìjà. Bí a ṣẹ́ owó tí ọmọ Kánádà fi ránṣẹ́ sí náírà, ó jẹ́ ₦16 mílíọ̀nù. Ọmọ Àbújá ní ₦6 mílíọ̀nù nílẹ̀. Ó ku ₦10 mílíọ̀nù. Báńkì kan ti ṣe tán láti yá a, kó san án láàárín ọdún mẹ́ta, kó máa san èlé ìdá 32 lọ́dún. Èlé yẹn kò yà mí lẹ́nu rárá. CBN, báńkì àgbà ìjọba àpapọ̀, ti gbé èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 lóṣù kọkànlá 2024, báńkì wo ló fẹ́ yáni lówó nígbà yẹn pẹ̀lú èlé tó rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ? Ìjọba dá CREDICORP sílẹ̀ fún irú ẹ̀yáwó báyìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ aládàáni sì ni ọmọ wa ń bá ṣiṣẹ́. A ṣírò rẹ̀ lórí tábìlì Ìyá. Yóò máa san nǹkan bí ₦435,000 lóṣooṣù fún oṣù 36, gbogbo rẹ̀ á sún mọ́ ₦15.7 mílíọ̀nù. Ọkọ̀ ₦32 mílíọ̀nù ti di ₦37.7 mílíọ̀nù kí wọ́n tó bu epo sí i. Adójútòfò tún ń bẹ níbẹ̀. Ti ẹnìkẹta (third party), ₦15,000 ni wọ́n sọ ọ́ dà ní 2023, ṣùgbọ́n báńkì tí owó rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ kò ní gba ìyẹn. Ti gbogbogbò (comprehensive) ni wọ́n máa bèèrè, òfin sì ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 5 nínú iye ọkọ̀. Ìyẹn ₦1.6 mílíọ̀nù lọ́dún àkọ́kọ́.

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun lè san án. Mo gbà pé ó lè san án.

Èmi àti òun jọ lọ wo ọkọ̀ náà ní Àbújá. Ọkọ̀ tó rẹwà ni, kí n má purọ́. Àmọ́ kí n tó wo inú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó máa ń tẹ̀lé lẹ́tà DOT. Méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ń sọ ọdún. Ti ọkọ̀ yìí jẹ́ 1123, ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2023. Mo lọ wo nọ́ńbà ṣáásíìsì lábẹ́ gíláàsì iwájú. Mẹ́tàdínlógún ni àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà ibẹ̀. L ló bẹ̀rẹ̀, Ṣáínà nìyẹn. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀, P ló sì wà níbẹ̀, ìyẹn 2023. Ọkọ̀ náà ti dúró sójú kan fún nǹkan bí ọdún méjì.

Ọmọ ilé ìtajà náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, tuntun ni o. Kò tíì rin kìlómítà ogún."

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbó níbi tó dúró sí, bátìrì náà ń gbó, ọ́ìlì kò sì fẹ́ràn ìjókòó. Mo bi í pé kí ni wọ́n máa yọ fún wa nítorí ọdún méjì yẹn. Ó lọ sókè, ó padà wá, ó ní wọ́n á yọ ₦1.5 mílíọ̀nù. Ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo ṣí búùtù. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè. Fóòmù dúdú kan ló wà níbẹ̀, wọ́n gé e bí àwo, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìgò oje funfun kan. Kò sí ẹ́kísítírà táyà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé òde òní nìyẹn, kí ọkọ̀ má baà wúwo, kó má baà jẹ epo. Fún ẹni tó ń gbé Maitama ní Àbújá, mo gbà. Oje inú ìgò yẹn lè dí ihò ìṣó. Kò lè dí ẹ̀gbẹ́ táyà tí ihò ojú ọ̀nà ti fà ya. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ láàárín Mọ̀pà àti Ìsánlú, vọ́kánáísà wo ló ní táyà onírìnmù 18 pẹlẹbẹ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?

Mo tún bi í pé ibo ni ilé ìtúnṣe wọn tó sún mọ́ Ìsánlú jù. Àbújá ni. Ìgbà mélòó? Ní gbogbo 5,000 kìlómítà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáráńtì á bàjẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ìyẹn. Láti Ìsánlú dé Àbújá lé ní 300 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ lé ní 600. Nínú gbogbo 5,000 tí ọkọ̀ bá rìn, ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ tí yóò jẹ́ ìrìn àjò ọ́ìlì lásán. Epo rẹ̀ nìkan, bí lítà kan ṣe wà lẹ́bàá ₦1,000 nígbà yẹn, á gbé ₦45,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ò tíì sọ ti ibi tí Bàbá máa sùn mọ́jú. Wáráńtì ọdún márùn-ún dára lórí ìwé. Ó wulẹ̀ ń bẹ lọ́nà jíjìn ni.

Ọ̀nà náà kò sì rí bákan náà. Láti Obajana wá sí Kàbà, kìlómítà 43 tí Dangote fi kọnkéré ṣe, ọkọ̀ á máa sáré bí ẹ bá ti lè fara da àwọn tírélà sìmẹ́ńtì. Ẹ kọjá Kàbà, kí ẹ dorí kọ Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀nà mìíràn ni ti ìhín. Níbi kan, ẹ ó yà sínú koríko. Níbi kejì, ẹ ó dúró kí onítírélà ṣe tirẹ̀ tán. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń bẹ. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú ń rí lójú ọ̀nà wọ̀nyí lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, n kò ní tú u palẹ̀ níbí. Àwọn èèyàn tó lówó lọ́wọ́ nílẹ̀ Ọ̀kún ń wọ ọkọ̀ tó ti gbó ní gbangba, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn tó ń ṣírò ọjà mọ́tò nínú ọ́fíìsì kì í ka èyí mọ́ ohun tí kì í jẹ́ kéèyàn ra tuntun. Ó yẹ kí wọ́n kà á.

Ìyá ló sọ ọ́ ní tààrà. Mo kí i nígbà tí mo padà dé, "Ọ̀kún o, Ìyá." Ó dáhùn, ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: "Ọkọ̀ tó ń dán yẹn, ta ni yóò máa rí i kí n tó dé oko? Àpò kajú mélòó ló lè gbà? Ẹ má gbé e wá sọ́dọ̀ mi o, kí n má baà di ẹni tí wọ́n ń retí lójú ọ̀nà."

Mẹkáníìkì wọn ní Ìsánlú ní tirẹ̀ ní òun lè fi ojú dídì tú Camry. Èyí tó ní tọ́bò yìí, kí wọ́n kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà tó ń ka àìsàn rẹ̀ fún òun.

Ọmọ Àbújá gbà láti wo tòkunbọ̀. Mo rí Corolla 2014 kan nípasẹ̀ ẹnì kan ní Èkó, ₦13.5 mílíọ̀nù. Òfin aṣọ́bodè kò fẹ́ kí àlòkù tó ti ju ọdún 12 lọ wọlé, nítorí náà ọjọ́ orí rẹ̀ kò burú. Ara rẹ̀ ń dán, ẹni tó ń tà á ní first body ni, kò sẹ́ni tó kùn ún rí. Mo yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tan, mo ń wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná pupa tí wọ́n ya àwòrán èèyàn àti bọ́ọ̀lù sí, ti air bag, gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó sì kú. Ti ọkọ̀ yìí kò tàn rárá. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé kò sí wàhálà nìyẹn, kò mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀. Wọ́n ti fi ọkọ̀ náà kọlu nǹkan, air bag ti bú jáde, wọ́n wá fi ike tuntun bo ojú ihò rẹ̀. Nígbà tí a fi nọ́ńbà ṣáásíìsì rẹ̀ wá ìtàn rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 ní kí ẹni tó ń ta ohun àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń rà. Èmi kò tíì pàdé ẹni tó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lójú títì.

Ìgbà yẹn ni mo mú ọkọ̀ kẹta wá, èyí tí ọmọ náà kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ sétí. Corolla 2019, lẹ́tà ìkẹwàá rẹ̀ jẹ́ K. Ọkùnrin kan ní Àbújá ló rà á ní tíà-rọ́bà, òun nìkan ló ti ń wà á, ó sì fẹ́ japa. Ìwé ìtúnṣe rẹ̀ pé láti ọjọ́ kìíní, òǹtẹ̀ wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. ₦17.5 mílíọ̀nù.

"Nigerian used?" Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fóònù sílẹ̀.

Bí gbogbo wa ṣe ń wí nìyẹn, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Tòkunbọ̀ náà, ẹnì kan ló lò ó. Àwa ni a ò rí i nígbà tó ń lò ó. Ọkọ̀ tí ọ̀gá kan gbé láti ilé ìtajà tó sì ń tún ṣe lákòókò, tí mo lè pe mẹkáníìkì rẹ̀ lórí fóònù, ni àwọn èèyàn ń sá fún. Èyí tó ti ilé àwọn tó ń ra ọkọ̀ àjálù ní Amẹ́ríkà wá, tí pánẹ́bítà ti tún ojú rẹ̀ ṣe, ni wọ́n ń dìjọ dù. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni kan tó ní ìwé kò pọ̀ lọ́jà, ìdí sì nìyẹn tí n kì í fi í jáfara bí mo bá rí i.

Bàbá ni kò tíì sọ nǹkan kan láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí gbogbo wọn pàdé lórí WhatsApp, tí ọmọ ọkùnrin tún ń sọ ti 504 àtijọ́, ó ní kí n gbé fóònù sún mọ́ òun.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "nígbà tí mo ra 504, ẹni tó lè tún un ṣe wà ní gbogbo ìlú láti ibí dé Ìlọrin. Sípíà rẹ̀ wà lórí àtẹ ní Kàbà. Mo ra tuntun torí pé bí ó bá bàjẹ́, n kò ní rìn jìnnà. Ṣé o rò pé òórùn rẹ̀ ni mo rà?"

Ọmọ Kánádà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Arákùnrin rẹ̀ ní, "Ẹ má bínú, sà."

A ra Corolla náà. Mo ti bá wọn gbé ìwé rẹ̀ sórúkọ Ìyá, mo ti fi nọ́ńbà ṣáásíìsì wé ìwé aṣọ́bodè, wọ́n sì ti san adójútòfò ti gbogbogbò, ₦875,000. A pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ṣọ́ọ̀kù iwájú méjèèjì. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ₦22 mílíọ̀nù wà ní báńkì lórúkọ Ìyá, fún ìtọ́jú ọkọ̀ náà nìkan. Kò sí ẹ̀yáwó. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbé èrò láàárín Kàbà àti Lọ́kọ́jà ló ra Camry, ó mọ̀ nípa jíà rẹ̀, a sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kó má baà padà wá bá wa.

Kì í ṣe pé kò ní àléébù. Ikùn Corolla rẹlẹ̀, SUV ọjọ́sí ga jù ú lọ dáadáa. Nígbà òjò, ó fi abẹ́ ha òkúta létí Ìsánlú, ike tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì ya dànù. Ẹni tó ń tà á ní Kàbà ní òmíràn lórí àtẹ, mẹkáníìkì ilé sì dè é mọ́ ọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá ti wá kọ́ bí a ṣe ń rọra gba ibẹ̀ kọjá. Ìyá ní búùtù rẹ̀ kéré ju ti Camry lọ, kò sì tíì dẹ́kun àti máa sọ ọ́.

Ọmọ Àbújá kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó rò pé mo ti gba nǹkan lábẹ́ tábìlì, títí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi rán an létí iye tí wọ́n san fún mi àti ìgbà tí wọ́n san án. Kí ọdún tó parí, ó ra SUV Ṣáínà fún ara rẹ̀, ọkọ̀ tó kéré sí ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú ẹ̀yáwó tí kò tó ìdajì èyí tó fẹ́ yá tẹ́lẹ̀. Ilé ìtúnṣe wọn kò jìnnà sílé rẹ̀, n kò sì rí ohun tí mo lè bá a wí nípa rẹ̀. Ó pè mí láti ilé ìtajà ọ̀hún lọ́jọ́ tó fẹ́ sanwó, ó ka nọ́ńbà táyà fún mi, mo ní ó dára. Ó ní kí wọ́n fi ẹ́kísítírà táyà gidi sínú búùtù kí òun tó tẹ owó náà sọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi sí i.